Ẹ̀yin medical student tó fẹ́ di dókítà ojú, ẹ má ṣe àwọn àṣìṣe yìí

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti àwọn tó ń sáré bọ̀ torí wọ́n gbọ́ pé wọn kì í pe dókítà ojú lóru. Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀ o, ẹ máa sùn ju àwọn tó ń gbẹ̀bí lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ásíìdì bátìrì ta sí lójú ò lè dúró dìgbà tílẹ̀ bá mọ́, omi lẹ máa kọ́kọ́ máa dà sójú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó béèrè orúkọ ẹ̀ pàápàá, ọmọ tí igi gún lójú náà ò ní yan ọ̀sán.

Ẹ má sì fi posting school nìkan (àkókò tẹ́ ẹ fi wà ní ẹ̀ka ojú) pinnu. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni, ìjà ophthalmoscope (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wo inú ojú) ló sì máa ń jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀: èèyàn á gbé e sójú, pupa rúsúrúsú nìkan ló máa rí, á wá sọ fún consultant, ọ̀gá dókítà, pé òun rí disc, orí iṣan ìríran lẹ́yìn ojú (a mọ̀ yín). House job, iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn school, ò ní là yín lójú síi, medicine, surgery, ọmọdé àti ìgbẹ̀bí, oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ọdún ti parí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ bẹ registrar kan (dókítà tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ojú) kó jẹ́ kẹ́ ẹ máa wá jókòó ní kílíníìkì.

Kílíníìkì glaucoma (àrùn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́) ni kẹ́ ẹ sì lọ, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Cataract (kí awò inú ojú ṣú, tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ tún ṣe) ló ń tan gbogbo èèyàn, tí wọ́n bá ṣí bándéèjì lójú màmá àgbà láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó rí ọmọ ẹ̀, tó ń jó, tó ń wúre fún gbogbo wọ́ọ̀dù, ta ni ò ní fẹ́ irú iṣẹ́ yẹn? Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, cataract ló fa ìdá 43 nínú 100 ìfọ́jú àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè, glaucoma fa bíi 16. Ohun tí glaucoma bá sì ti gbà lójú, kì í dá a padà. Bàbá á wọlé, ojú kan ti lọ, èkejì ń lọ, ẹ máa ṣàlàyé pé oògùn yìí ò ní jẹ́ kó ríran ju báyìí lọ, kó má baà lọ tán ni, bàbá á ní "Dókítà, oṣù mélòó ni màá fi lò ó?" Títí ayé ni. Oṣù mẹ́ta sígbà yẹn ó padà dé, kò lò ó, owó ò sí. Ṣé ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lásọtúnsọ láàárọ̀ kan kẹ́ ẹ má kanra mọ́ ẹnì kankan?

Ti ọwọ́ gbígbọ̀n, ẹ fọkàn balẹ̀, òwú 10-0 tí wọ́n fi ń rán ojú tín-ín-rín ju irun orí lọ, ọwọ́ gbogbo èèyàn ló ń gbọ̀n níbẹ̀rẹ̀, ojú ewúrẹ́ lẹ máa fi kọ́ ọ. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò ni bóyá ojú yín méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, torí lábẹ́ microscope, ẹni tí ò mọ bí nǹkan ṣe jìn tó máa jìyà.

Owó ńkọ́? Ó wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló máa kọ́kọ́ gbà á. Tẹ́ ẹ bá sì ń ronú àtijápa, ọdún méje ni training ojú ní UK, àwọn tó ń du àyè ibẹ̀ sì pọ̀ gan-an.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi èèyàn, registrar tó ṣì ń múra fún Part 1, ìdánwò àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ náà, ni kẹ́ ẹ bi, kì í ṣe consultant tó ti gbàgbé bí ó ṣe rí.