Bí Mo Ṣe Fi Etí Nìkan Mọ Àwọn Ohun Èlò Ọ̀kẹ́sítírà

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, trumpet, trombone àti tuba kì í ṣe àjèjì. Bí wọ́n bá ń sin òkú àgbà, a sábà máa ń rí fanfare, ẹgbẹ́ àwọn afunfèrè onídẹ, níwájú, ẹ̀gbọ́n mi kan sì ń fun trumpet láàárín wọn. Àwọn yòókù nínú ọ̀kẹ́sítírà, ẹgbẹ́ olórin ńlá àwọn Òyìnbó, ni mo fẹ́ mọ̀ yàtọ̀ síra, láì rí wọn sójú. Fóònù ni mo fi ṣe é, lálẹ́ tí ariwo zémidjan, ọ̀kadà wa, bá ti rọlẹ̀.

Iṣẹ́ Sergei Prokofiev ti ọdún 1936 ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ìtàn Peter àti ìkookò tó kọ fún àwọn ọmọdé Rọ́ṣíà. Èyí tí wọ́n fi Faransé sọ ni mo rí. Flute ni ẹyẹ, oboe ni pẹ́pẹ́yẹ, clarinet ni ológbò, bassoon ni bàbá àgbà tó ń kùn, horn mẹ́ta sì ni ìkookò. Ó dùn gan-an. Àmọ́ tí orin ẹyẹ bá ti mọ́ èèyàn lára, bó ṣe gbọ́ ọ báyìí, á ní flute ni, láì tíì fetí sí ohùn rárá.

Iṣẹ́ Benjamin Britten ti 1945 kò gba irú ìyẹn. Orin kan ṣoṣo ló mú, ti Henry Purcell láyé àtijọ́. Gbogbo ọ̀kẹ́sítírà á kọ́kọ́ gbé e, lẹ́yìn náà àwọn fèrè onígi, àwọn onídẹ, àwọn olókùn, wá kan àwọn onílù. Orin ò yí, ohùn ló ń yí. Níbẹ̀ ni etí mi ti là.

Àwa tí à ń sọ Yorùbá, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni etí wa máa ń sáré wá. Níbí, ìyẹn ò tó, torí cello, ẹ̀gbọ́n violin tó ń dún nísàlẹ̀, lè gòkè débi tí violin wà. Ibi tí ohùn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ gbọ́. Ti flute, èémí á kọ́kọ́ jáde, fúù. Ti trumpet, ahọ́n ló ń là á sílẹ̀, tá! Ti violin, ẹ ó gbọ́ bí irun ẹṣin ṣe ń di okùn mú kí ohùn tó mọ́. Oboe, tí esùsú méjì wà lẹ́nu rẹ̀, ń ti imú sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo fi fóònù gé ìbẹ̀rẹ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan kúrò, mo wá ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí?"

"Oboe kọ́ nìyẹn?"

"Trumpet yín ni o."

"Irọ́! O ti bẹ́ ẹ lórí ni." Wọ́n ní kí n tún un fi sí i, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ṣì bá mi jiyàn.

Timpani ló wù mí jù. Gúdúgúdú tó di òmìrán ni: abọ́ bàbà, awọ kan lójú rẹ̀. Onídùndún ń fi apá fún ọsán kí ohùn lè gòkè. Onítimpani ń fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì tó ń fa awọ le. Ẹ dúró de ìgbà tó bá lù ú tán tó sì tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà á máa yọ̀ lọ sókè, bí ìyáàlù gẹ́lẹ́.

Viola, tó fi díẹ̀ tóbi ju violin lọ, nìkan ló ṣì ń bá mi fà á. Okùn 4 ni violin ní, 4 náà ni ti viola, 3 nínú wọn sì bára dọ́gba. Okùn tó nípọn jù lára viola ló lè tú u fó. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tí violin lè dé, mo ti mọ̀ ọ́n. Tí kò bá sọ̀ kalẹ̀, àfi kí n máa méfò.