Ọjá ìkookò nínú ilé: bí a ṣe ń gbìn ín àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ní Àbújá àti ní Òkè Ọya

Ẹni tí ó ń kúrò ní Kubwa tàbí Lugbe kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, tí kì í sì í wọlé títí oòrùn yóò fi wọ̀, lè rò pé òun kò lè ní ohun ọ̀gbìn kankan nínú ilé. Mo fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé ọjá ìkookò yẹ̀ wò. Àwọn kan ń pè é ní pàṣán kòríkò, àwọn tí ń ta òdòdó létí títì sì mọ̀ ọ́n sí snake plant. Ewé rẹ̀ nípọn, ó nàró ṣánṣán bí idà, ẹ̀yà rẹ̀ kan sì wà tí etí ewé rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òyìnbó ni ó kó o wá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa níhìn-ín, láti Nàìjíríà títí dé Kóńgò, ni ó ti ṣẹ̀. Èyí tí ó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, jẹ́ ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, ìtọ́jú kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń fẹ́. Sansevieria ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pè é láti 1903 kí wọ́n tó kó o mọ́ ìdílé Dracaena ní 2017, nítorí náà ẹ lè bá orúkọ méjèèjì pàdé.

Ohun tí ó mú kí ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn ni pé ó ń fi omi pamọ́ sínú ewé rẹ̀ àti sínú gbòǹgbò ńlá tí ó ń nà lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn ihò wínníwínní ara ewé, tí ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn máa ń ṣí lọ́sàn-án, òru ni ọjá ìkookò máa ń ṣí tirẹ̀, nígbà tí ooru ti rọlẹ̀, kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ. Nítorí náà kì í ṣe òùngbẹ ni ó sábà máa ń pa á nínú ilé wa. Omi àpọ̀jù ni. Ẹni tí ó ń bomi rin ín láràárọ̀ nítorí ìfẹ́ ni ó máa ń tètè pàdánù rẹ̀, gbogbo ohun tí mo sì fẹ́ sọ nípa ìkòkò, ilẹ̀ àti omi ló rọ̀ mọ́ èyí.

Ìkòkò amọ̀ ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé omi tí ó bá ṣẹ́kù nínú ilẹ̀ lè gba ara rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ike ọ̀dà àlòkù tí a fọ̀ mọ́ dáadáa yóò ṣe é pẹ̀lú, bí a bá ti fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdí rẹ̀. Bó ti wù kí ìkòkò lẹ́wà tó, bí kò bá ti ní ihò nídìí, ẹ má ṣe gbin nǹkan sínú rẹ̀. Kí ó má sì tóbi jù: bí àyè ìwọ̀n ìka méjì bá ti wà láàárín gbòǹgbò àti ara ìkòkò, ó tó, nítorí pé ilẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé inú rẹ̀ ni ó máa ń gba omi dúró pẹ́.

Ilẹ̀ pupa tí ó yí ọ̀pọ̀ ilé ká ní Àbújá máa ń lẹ̀ pọ̀ bí òjò bá rọ̀, a sì máa le gbagidi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà ẹ má ṣe lò ó nìkan. Ẹ po ilẹ̀dú àti ṣáápù sáàǹdì tí àwọn bíríkìlà ń lò ní ìlàjì-ìlàjì, kí ẹ sì fi èèpo ìrẹsì tàbí òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ kún un. Bí ẹ bá bu omi sí i, tí omi náà sì dúró lójú ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan láìwọlẹ̀ tán, yanrìn inú rẹ̀ kò tíì tó. Ẹ̀kúnwọ́ kan ìgbẹ́ màlúù tí ó ti gbẹ, tí ó sì ti jẹrà dáadáa, tó fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Kò nílò ajílẹ̀ mìíràn títí di ọdún tí ń bọ̀.

Láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí a bomi rin ín, ẹ ti ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ inú ilẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì fà á yọ. Bí ilẹ̀ tútù bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì tó àkókò. Bí ó bá jáde ní gbígbẹ, ẹ bomi rin ilẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká títí omi yóò fi máa jò láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da omi sí àárín ibi tí àwọn ewé ti pàdé, nítorí pé omi tí ó bá dúró síbẹ̀ lè mú kí ó rà. Nínú ooru oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, ó lè gba omi lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, tí ojú ọjọ́ ń rinlẹ̀, ó lè di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹyọ ìgbálẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́ ju ònkà wọ̀nyí lọ. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ da omi tí ó bá jò sínú àwo abẹ́ ìkòkò nù, nítorí pé ó ń ba gbòǹgbò jẹ́, ẹ̀fọn sì ń yé sínú omi bẹ́ẹ̀.

Ìwà rẹ̀ yìí bá ìgbé ayé àwa tí a ń darí sílé ní ọdún Kérésìmesì tàbí Iléyá mu gan-an ni. Ẹ bomi rin ín kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, Ìbàdàn tàbí Adó-Èkìtì, ẹ gbé e kúrò níbi tí oòrùn ti ń pa á, ẹ ó sì bá a láàyè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí ìdí tí ẹ ó fi gbé kọ́kọ́rọ́ ilé fún mẹ́gàádì nítorí rẹ̀.

Bí ìdí ewé bá rọ̀, tí ó ń yọ omi, tí ó sì ń rùn, ó ti ń rà nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò, ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gé gbogbo ibi tí ó ti bàjẹ́ dànù, ẹ tẹ́ èyí tí ó kù síbi òjìji fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì gbìn ín sínú ilẹ̀ tuntun tí ó gbẹ. Ewé tí ó bá hunjọ láìrọ̀, omi ni ó ń fẹ́.

Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ó lè fara da kọ̀rọ̀ tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, àmọ́ kò ní dàgbà púpọ̀ níbẹ̀. Oòrùn ọ̀sán tí ó bá sì ń gba inú gíláàsì bà á tààrà lè jó ewé rẹ̀. Ọyẹ́ ni ó nílò àfiyèsí jù ní apá ibí yìí. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì ni afẹ́fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ń gbé eruku wá bo gbogbo nǹkan, eruku tí ó bá sì jókòó sórí ewé ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ẹ máa fi aṣọ tí a fi omi rẹ nu ewé rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní àkókò yìí. Àwọn tí ń gbé ní Jọ́ọ̀sì, níbi tí òtútù òru oṣù Kejìlá lè lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 10 lórí Celsius, kí wọ́n má ṣe fi í sílẹ̀ níta mọ́jú.

Ní ti àǹfààní rẹ̀, mo fẹ́ kí a sọ òótọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tí à ń gbọ́ nípa rẹ̀ ti kọjá ààlà. Òótọ́ ni pé ìwádìí NASA, àjọ Amẹ́ríkà tí ń rí sí ọ̀ràn òfuurufú, tí ó jáde ní 1989 fi hàn pé òun àti àwọn ohun ọ̀gbìn mìíràn dín kẹ́míkà bíi benzene àti formaldehyde kù nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n inú àpótí tí a dé pinpin ni wọ́n ti ṣe é. Ní 2019, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Drexel ní Amẹ́ríkà tún ọ̀pọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ gbé yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ó tó ohun ọ̀gbìn 10 sí 1,000 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lè ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ tí ń gba inú ilé kọjá ń ṣe. Fèrèsé ṣíṣí sàn jù ú lọ. Mo sì bẹ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e sí yàrá kí ó wá rò pé èéfín jẹnẹrétọ̀ kò lè ṣe òun ní nǹkan mọ́. Carbon monoxide inú èéfín náà kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó ń pa odindi ìdílé lójú oorun, kò sì sí ewé kankan tí ó lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìta gbangba, jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ni jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà.

Àǹfààní tí ó dájú ni ẹwà rẹ̀: yàrá tí gbogbo ìta rẹ̀ ti pọ́n fún ẹ̀ẹ̀rùn, tí ewé tútù sì wà nínú rẹ̀, ń tu ènìyàn lójú. Kò gba àyè, kì í wọ́ ewé sílẹ̀, ó sì ń pẹ́ láyé. Ẹ kàn gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹnu ewúrẹ́, ajá tàbí ológbò kò ti ní tó o, nítorí èròjà saponin inú rẹ̀ lè fa èébì àti inú rírun. Bí àwọn oníṣègùn wa tilẹ̀ mọ ìwúlò ìbátan rẹ̀ inú igbó, kí a má ṣe já ewé inú ilé sínú àgbo.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ó dára jù láti mú un pọ̀ sí i. Ẹ gé ewé kan sí abala tí ó gùn tó ìka àárín, ẹ fàmì sí ìsàlẹ̀ abala kọ̀ọ̀kan, nítorí pé èyí tí a bá gbìn ní ìdojúdé kò ní ta gbòǹgbò. Lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ bá ti gbẹ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ tì í bọ inú yanrìn tí ó rin díẹ̀. Gbòǹgbò lè yọ láàárín oṣù kan sí méjì, ọmọ tuntun yóò sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó yọrí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yà aláwọ̀ ìyeyè létí ni ẹ ní, ẹ má ṣe gé ewé rẹ̀ gbìn, nítorí pé ọmọ tí yóò hù kò ní ní àwọ̀ náà mọ́. Ẹ tú u kúrò nínú ìkòkò, kí ẹ gé ọmọ tí ó ti ní gbòǹgbò tirẹ̀ kúrò lára ìyá.