Kẹ́ẹ tó sanwó táyà tó ti wà lórí ríìmù

Ọkọ̀ Mazda Miata ọdún 1999 ni mo ń wà lọ sáré ní Summit Point, pápá eré ọkọ̀ ní West Virginia, Amẹ́ríkà. Táyà tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ kọ́ ni mo fi ń sáré níbẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ra ti eré, tí wọ́n á ti wọ̀ ọ́ sí ríìmù kó tó délé.

Ẹ ka nọ́ńbà dáadáa. Ihò nọ́ọ̀tì ti tèmi jẹ́ 4x100, ìyẹn ihò mẹ́rin lórí òbìrí tó fẹ̀ tó 100 mm, ihò àárín sì jẹ́ 54.1 mm. Bí ti ríìmù tuntun bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ ra òrùka tó ń dí àlàfo náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sítíárìn lè máa gbọ̀n.

Bíréèkì ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo ti pààrọ̀ ti iwájú sí ńlá, mo gbàgbé pátápátá. Ríìmù dé, ó rẹwà bí ìyàwó tuntun, mo gbé e sí i, ó ń ha bíréèkì kàrà-kàrà! Táyà ti wọ̀ ọ́, wọn ò gbà á padà. Báyìí, mo máa ń bèèrè àwòrán tó ń fi àyè bíréèkì nínú ríìmù hàn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, màá gé páálí bá a mu, màá fi wọn bíréèkì mi wò.

Bó bá dé, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú DOT, àmì tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà, lára táyà: 2324 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2024. Tó bá ti gbó, ẹ pe ẹni tó tà á kẹ́ẹ tó gbé e sọ́kọ̀. Ẹ fi téèpù lé òjé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ríìmù kó má baà gbọ̀n, torí ooru bíréèkì lè tú u.

Lẹ́yìn eré àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ẹ tún fi sípánà oníwọ̀n yẹ nọ́ọ̀tì wò. Afẹ́fẹ́ táyà ní tiẹ̀, ìgbà tí táyà bá ṣì gbóná ni kẹ́ẹ wọ̀n ọ́n.