Bí a Ṣe Lè Yẹ Àríyànjiyàn Guantánamo Wò

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ àwọn tí Amẹ́ríkà tì mọ́lé láìdá ọjọ́ ní Guantánamo, ibùdó ológun rẹ̀ ní Kúbà, kí ó kọ́kọ́ bèèrè irú ènìyàn tí òfin kà wọ́n sí. Èdè wa ti ya irú méjì sọ́tọ̀: ẹlẹ́wọ̀n ni ẹni tí adájọ́ dá lẹ́bi, òǹdè sì ni ẹni tí ogun kó. Òǹdè kò jẹ̀bi ohunkóhun nítorí pé ó jagun. Wọ́n dá a dúró kí ó má baà padà sójú ìjà ni, Àdéhùn Geneva ti ọdún 1949 sì ní kí wọ́n dá a sílẹ̀ láìjáfara nígbà tí ìjà bá ti dáwọ́ dúró. Nínú ogun tí Amẹ́ríkà ń bá Al-Qaeda jà, ẹgbẹ́ tí ó kọlù ú ní 2001, ìjọba George W. Bush, ààrẹ ìgbà náà, kò fi àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ 11, oṣù Kìíní, ọdún 2002 sí ìhà kankan nínú méjèèjì. “Jagunjagun ọ̀tá” ni ó pè wọ́n, ẹni tí ó bá sì lo orúkọ yẹn, ẹ ní kí ó túmọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè ẹni tí ó sọ pé jagunjagun ni. Lójú tèmi, ibí ni ọ̀rọ̀ ti wúwo jù. Afganísítánì ni wọ́n ti mú Yaser Hamdi ní 2001, wọ́n sì gbé e dé Guantánamo kí wọ́n tó rí i pé Louisiana, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ní iṣẹ́ àánú ni ọmọ òun bá lọ. Ìwé kan ṣoṣo, ìpínrọ̀ 9 péré, tí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ológun kan kọ, ni ìjọba fi ṣe ẹ̀rí. Ní 2004, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà gbà pé a lè dá jagunjagun dúró níwọ̀n ìgbà tí ogun náà bá ń lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní Hamdi gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí wọ́n fi mú un, kí ó sì rí àyè fèsì níwájú ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ìdajì ìdájọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kà, kálukú sì ń mú ìdajì tí ó wù ú.

Ti àwọn tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bosnia ni wọ́n ti mú Lakhdar Boumediene. Ọdún 2008 ni ilé ẹjọ́ kan náà, pẹ̀lú adájọ́ 5 sí 4, tó sọ pé Boumediene náà lè pe àtìmọ́lé rẹ̀ lẹ́jọ́. Nígbà tí adájọ́ kan yẹ ẹ̀rí náà wò níkẹyìn lọ́dún yẹn, ó ní kí wọ́n tú òun àti àwọn 4 mìíràn sílẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún 7 níbẹ̀.

Ẹ má fojú kéré ìhà kejì, ti ìjọba, o. Ọmọ ogun kì í ṣe ọlọ́pàá. Kò sí ẹni tí ń kó ẹ̀rí jọ bó ti yẹ lábẹ́ ìbọn, àwọn kan tí wọ́n sì tú sílẹ̀ padà sínú ìjà lóòótọ́.

Èyí tí ó kù ni kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí yóò fi hàn pé ogun náà ti parí. Jámánì túúbá ní 1945, gbogbo ayé sì mọ ọjọ́ náà. Al-Qaeda kò ní olú-ìlú tàbí ọba tí yóò tọwọ́ bọ̀wé. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà kúrò ní Afganísítánì ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2021. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2025, nínú nǹkan bí 780 ènìyàn tí ó ti gba Guantánamo kọjá, 15 ṣì wà níbẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì tíì rí ìwé ẹ̀sùn gbà rí.