Bí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ojú irin àwòṣe ṣe lè jọ ilẹ̀ gidi

Ọkọ̀ kọ́ ló ń tú àṣírí ojú irin àwòṣe, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin kékeré àti ọ̀nà rẹ̀ tí a ń tò sílé, ilẹ̀ ni. Bí ọkọ̀ yín ti wù kó rẹwà tó, bí ilẹ̀ tó ń gbà kọjá bá tẹ́ bíi tábìlì, tó sì jẹ́ àwọ̀ ewé kan ṣoṣo láti ìkángun dé ìkángun, ojú kò ní gbà á. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù, ẹ mọ ìwọ̀n tí ẹ ń lò. Ní ìwọ̀n HO, gbogbo nǹkan ti kéré ní ìlọ́po 87. Ẹni tó ga ní mítà 1.75 yóò jẹ́ mílímítà 20, ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2 yóò jẹ́ mílímítà 23, igi mítà 15 yóò sì tó sẹ̀ǹtímítà 17. Ní ìwọ̀n N, tó jẹ́ ìlọ́po 160, ẹni kan náà yóò jẹ́ mílímítà 11 péré. Igi ni ọ̀pọ̀ ń ṣe kúrú jù, òkúta ni wọ́n ń ṣe tóbi jù.

Bó bá jẹ́ fóòmù funfun lẹ fi mọ òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀, ọ̀dà tí a ń fi omi pò nìkan ni kẹ́ ẹ fi kùn ún. Ọ̀dà inú agolo tí wọ́n ń fọ́n máa ń jẹ fóòmù, ihò ni yóò sì dá sí i lára. Àwọ̀ erùpẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kùn, kì í ṣe àwọ̀ ewé, torí ibi tí koríko kò bá bò ni yóò hàn síta.

Erùpẹ̀ gidi kò ní ẹlẹgbẹ́ lórí ilẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi asẹ́ tó kúnná sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ wá yan án nínú ófùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní nǹkan bí 100°C, kí kòkòrò àti ẹyin wọn lè kú. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọ̀rá wé òòfà, kẹ́ ẹ fi rìn káàkiri inú rẹ̀. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Ẹ má fojú kékeré wò ó: òòfà wà nínú mọ́tò ọkọ̀ yín náà, bí ọkọ̀ bá sì ń kọjá, yóò máa fa irin wẹ́wẹ́ yẹn mọ́ra títí tí eyín ẹ̀rọ yóò fi há.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni òkúta abẹ́ irin. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà àwọ̀ ìpẹtà kun ẹ̀gbẹ́ irin méjèèjì, kẹ́ ẹ nu orí irin kí ọ̀dà tó gbẹ. Òkúta ojú irin gidi tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4.5 yóò jẹ́ ìdajì mílímítà ní HO, ẹ wá èyí tó kúnná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dà á sáàárín irin díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a tẹ́jú. Ẹ wá máa fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì kan irin jẹ́jẹ́: àwọn hóró tó jókòó sórí pákó ìdábùú yóò máa fò bọ́ sínú àlàfo fúnra wọn. Òkúta kò gbọdọ̀ ga ju orí pákó lọ, kò sì gbọdọ̀ kan ẹ̀gbẹ́ irin níbi tí táyà ọkọ̀ ń gbà.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti tẹ́jú tán, ẹ fọ́n sípíríìtì lé e lórí títí yóò fi rin dé ìsàlẹ̀. Omi tí ẹ kán ọṣẹ olómi sí náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbé ẹnu ike ìfọ́nmi sókè díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ má baà tú òkúta ká. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ po gọ́ọ̀mù funfun àti omi ní ìwọ̀n kan náà, kẹ́ ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ fi sírínjì máa kán an sáàárín irin àti sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fo fífọ́n sípíríìtì yóò rí i pé gọ́ọ̀mù kò wọlẹ̀: yóò ká jọ bíi ìrì lórí ewé kókò, yóò yí hóró òkúta mọ́ra, yóò sì fi kòtò sílẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì kó tó gbẹ dáadáa.

Oríta irin ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Irin tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún níbẹ̀ kò fẹ́ gọ́ọ̀mù rárá. Ẹ kán òróró bíńtín sí ibi tó ń gbà yí, ẹ fi òkúta tó kéré jù síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa yí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí gọ́ọ̀mù ṣe ń gbẹ.

Koríko tó dára jù ni fọ́nrán tí iná mànàmáná ń gbé nàró, láti inú ẹ̀rọ ìfọ́nkoríko tí a kó o sí. Ẹ kun gọ́ọ̀mù sílẹ̀, ẹ ki ìṣó bọ inú rẹ̀, ẹ so wáyà ẹ̀rọ mọ́ ìṣó náà, kẹ́ ẹ wá máa gbọn ẹ̀rọ ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 sókè ilẹ̀. Fọ́nrán mílímítà 2 ni kó ṣáájú, kí ti mílímítà 4 tẹ̀ lé e ní ibi mélòó kan. Ẹ po àwọ̀ ewé, àwọ̀ koríko gbígbẹ àti àwọ̀ ilẹ̀ pọ̀. Bí fọ́nrán bá ń dùbúlẹ̀, ó lè jẹ́ pé gọ́ọ̀mù ti ń gbẹ, pé ìṣó kò kan gọ́ọ̀mù, tàbí pé bátìrì ti rẹ̀.

Fún igi, ẹ lọ́ wáyà tínrín bí ogún pọ̀ láti ṣe ìtì rẹ̀, ẹ yà wọ́n sí ẹ̀ka lókè àti gbòǹgbò nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù tí ẹ po mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi rẹ́ ẹ. Àwọ̀ eérú tó dàpọ̀ mọ́ ti ilẹ̀ ni èèpo igi sábà máa ń ní. Igi gíga ni kó wà níwájú, kí kúkúrú wà lẹ́yìn. Ojú yóò rò pé ọ̀nà jìn.

Bí ẹ bá fẹ́ odò, ẹ kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú láàárín, kó máa mọ́lẹ̀ lọ sí etí, kẹ́ ẹ sì dí gbogbo ojú ìjò, torí résínì, ìyẹn oje alápá méjì tí a ń pò pọ̀ kó lè le bí omi tó dúró, lè gba ihò abẹ́rẹ́ jáde. Ẹ wọn apá rẹ̀ méjèèjì bí ó ti wà lára ìgò. Èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá pé yóò máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ni. Ẹ máa dà á ní mílímítà 3 lẹ́ẹ̀kan, torí bó bá nípọn jù, ooru ara rẹ̀ lè mú kó sán. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ sì ṣí fèrèsé.

Ilé tí a kàn gbé kalẹ̀ máa ń dà bí ohun tó léfòó, torí òkùnkùn tẹ́ẹ́rẹ́ wà lábẹ́ ògiri rẹ̀. Ẹ fi erùpẹ̀ àti koríko dí i. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó lẹ ilé, òpó tàbí igi kankan sí etí irin, ẹ fi ọwọ́ ti ọkọ̀ tó gùn jù kọjá níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀. Àárín rẹ̀ yóò yọ sínú, orí àti ìdí rẹ̀ yóò yọ síta. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó yọ dé lápá méjèèjì, kẹ́ ẹ sì lẹ ohun tí ẹ fẹ́ lẹ̀ kọjá àmì náà.