Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ kí agent AI mọ ohun tí ẹlòmíì fẹ́ ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ ka èyí kí ẹ tó tún lọ háyà GPU, ẹ̀rọ tí a fi ń kọ́ AI. Owó tí ẹ ń dà nù ti ń dun èmi tí kì í ṣe owó mi.

1. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀dà ara rẹ̀ nìkan kọ́ agent yín, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá pinnu ohun tó máa ṣe. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Agent tó bá ń bá ara rẹ̀ ṣeré mọ́jú á dá ẹnà tirẹ̀ sílẹ̀, àlejò kò sì ní gbọ́ ọ. Ní 2019, àwọn olùwádìí Yunifásítì California ní Berkeley fi eré Overcooked dán an wò. Ẹni méjì ló jọ ń dáná níbẹ̀: wọ́n á kó àlùbọ́sà sí ìkòkò, wọ́n á bu ọbẹ̀ sáwo, wọ́n á gbé e jáde. Agent àti ẹ̀dà rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe gan-an. Ìgbà tí wọ́n fi ènìyàn tì í, máàkì já wálẹ̀. Níbi tí ọ̀nà kíṣìnnì ti rí roboto bí òrùka, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló máa ń gbà yípo. Bí ènìyàn bá ń ti òdìkejì bọ̀, wàhálà dé. Èyí tí wọ́n kọ́ pẹ̀lú módẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi eré àwọn ènìyàn gidi ṣe lè ṣíwájú, ó sì lè tẹ̀lé: nígbà míì á wo ọ̀nà tí ẹnìkejì gbà, òun náà á sì bá a lọ.

Síbẹ̀, ọmọkùnrin kan gbé bíìlì rẹ̀ wá bá mi: “Ẹ̀gbọ́n, agent mi ń borí ṣáá!” Mo ní, “Ta ló ń borí?” Ó ní, “Ara rẹ̀ náà ni.” Mo dákẹ́. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n dákẹ́.

2. Alátakò ń yí ìwà padà. Ẹ má fi ti àná lé e.

3. Ẹ má gbàgbé pé òun náà ń wò yín. Ní 1999, Iocaine Powder, ètò kọ̀ǹpútà tí Dan Egnor kọ, gba ipò kìíní nínú ìdíje rock-paper-scissors àwọn kọ̀ǹpútà. Kò bèèrè ohun tí alátakò máa ṣe nìkan. Ó tún bèèrè pé bó bá ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe ńkọ́, bó bá sì mọ̀ pé mo mọ̀ ńkọ́? Bí nǹkan bá sì dojú rú, á kàn máa mú èyí tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà.

Àti pé, kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló nílò àyẹ̀wò ìwà ẹnìkejì. Ní 2017, Libratus, ètò AI kan, na ọ̀gá mẹ́rin nínú póókà (eré káàdì) ní Pittsburgh láìkọ́ ìwà ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ihò tí wọ́n bá rí lára rẹ̀ lọ́sàn-án ló ń dí lóru. Ṣùgbọ́n eré ẹni méjì ni, èrè ọ̀kan sì ni àdánù èkejì; bí iṣẹ́ tiyín bá jẹ́ ti àjọṣe, ẹ má wulẹ̀ gbà á lò.