Àlàyé Tó Ń Dènà Àrùn: Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ará Ìlú nípa Ibà Lásà

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin, ni ibà Lásà máa ń gbilẹ̀ jù lọ ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ẹdó àti Bauchi sì wà lára àwọn tó máa ń jìyà rẹ̀ jù. Nítorí náà, olùkọ́, ìyálọ́jà, oníwàásù, olóyè àdúgbò tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó bá fẹ́ kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ nípa àrùn yìí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó dáwọ́ dúró. Bí ìkìlọ̀ bá dé lẹ́yìn tí ẹnì kan ti kú ní àdúgbò, ìbẹ̀rù-bojo ni yóò bá nílẹ̀, ẹni tí ẹ̀rù bá sì ti bà kì í fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé.

Kí ẹ tó kọ́ ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí sáyẹ́ǹsì sọ. Ọdún 1969 ni wọ́n dá fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ibà Lásà mọ̀, lẹ́yìn tí ó kọlu àwọn nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan ní ìlú Lásà, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Ara eku kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys natalensis ló ń gbé. Eku yìí ń bímọ lemọ́lemọ́, ó sì fẹ́ràn láti máa wá oúnjẹ wọ inú ilé. Àìsàn kì í hàn lára rẹ̀, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì náà wà nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ tàbí tó fọwọ́ kan ohun tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ yìí ti kàn lè kó àrùn náà, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá pa eku náà tó ń tún un ṣe fún jíjẹ. Ó tún lè ti ara ẹ̀jẹ̀, èébì, ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ aláìsàn ran ẹlòmíràn. Ó lè tó ọjọ́ méjì sí ọjọ́ mọ́kànlélógún kí àmì tó hàn. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó kó o, nǹkan bí mẹ́jọ ni kì í ṣàìsàn rárá tàbí kí ó jẹ́ pé àìsàn fẹ́ẹ́rẹ́ ni; ohun tó fà á nìyí tí àgbàlagbà kan fi lè sọ pé òun ti ń jẹ eku láti kékeré tí nǹkan kan kò ṣe òun. Ẹ má ṣe bá a jiyàn pé irọ́ ló ń pa. Òótọ́ ló sọ, ẹ kàn ṣàlàyé fún un pé ọmọ inú ilé rẹ̀ lè má rí bẹ́ẹ̀.

Àṣẹ tí kò ní ìdí nínú kì í pẹ́ lọ́kàn ènìyàn. “Ẹ bo oúnjẹ yín” ti di ọ̀rọ̀ tí gbogbo etí ti gbọ́ tó sú wọn. Ẹ mú gààrí ṣe àpẹẹrẹ. Iná ti ṣiṣẹ́ lórí gààrí nígbà tí wọ́n ń yan án, ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa ń sá a sórí ọ̀rá lẹ́bàá títì, nígbà mìíràn kí ilẹ̀ sì ṣú bá a níbẹ̀. Eku gba orí rẹ̀ kọjá, ó tọ̀ sí i, ìtọ̀ náà gbẹ, ojú kò sì lè rí i mọ́. Ẹni tó bá fi omi tútù rẹ gààrí yẹn mu kò tún fi iná kàn án kí ó tó dé ẹnu. Bí ẹ bá sọ ọ́ báyìí fún àwọn tó ń ta gààrí, àwọn fúnra wọn ni yóò máa dá àbá: kí wọ́n sá a sórí pẹpẹ tó ga, kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n kó o kí oòrùn tó wọ̀, kí wọ́n sì dà á sínú ike onídèérí dípò àpò tí eku lè jẹ lu. Ní èrò tèmi, ìyálọ́jà kan tó sọ èyí láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wúlò ju ọ̀pọ̀ àlẹ̀mógiri lọ.

Fún àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ iná igbó ni kí ẹ gbájú mọ́, nítorí eku tí iná lé kúrò nínú igbó yóò wá ibùgbé sínú ilé. Kí wọ́n ro àyíká ilé, kí wọ́n dí ihò ara ògiri, kí ààtàn sì jìnnà sí ilé. Ní ti jíjẹ eku, ẹ má ṣe fi ọdẹ tàbí ẹni tó ń jẹ ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé ó ṣòro láti dá irú eku kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn, pàápàá tí wọ́n bá ti yan án, nítorí náà ó sàn kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ṣe lójú àwọn ènìyàn, kì í ṣe ohun tí a kàn ń fi ẹnu sọ: bí a ṣe ń palẹ̀ ìgbẹ́ eku mọ́. Ẹ má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ, kí eruku rẹ̀ má baà gbéra. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ po omi apakòkòrò bíi Hypo tàbí Jik. Bí ara ìgò bá sọ pé agbára rẹ̀ jẹ́ 3.5%, ife kan sí ife omi mẹ́fà ni. Ẹ dà á sórí ìgbẹ́ náà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ kó àkísà náà dànù, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Ẹ múra sílẹ̀ de àhesọ pẹ̀lú. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù káàkiri pé omi iyọ̀ ni oògùn rẹ̀. Àwọn ènìyàn mu ún, wọ́n sì fi wẹ̀, ó kéré tán ènìyàn méjì kú nípasẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola, nítorí pé wọ́n wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn rí, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn lójoojúmọ́. Bí irú àhesọ bẹ́ẹ̀ bá jáde nípa Lásà, ẹ fèsì lọ́jọ́ náà gan-an, láti ẹnu ẹni tí ìlú gbà gbọ́.

Ibi tí àlàyé ti sábà máa ń kù díẹ̀ káàtó ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibà Lásà jọ ibà lásán: ara gbígbóná, ara ríro, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, èébì. Àyẹ̀wò inú láábù nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí oògùn ibà kò bá ràn kò gbọdọ̀ máa pààrọ̀ oògùn lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Kí ó tètè lọ sí iléewòsàn, nítorí ribavirin, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ibà Lásà, ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ tẹnu mọ́ èyí fún aláboyún, nítorí ewu rẹ̀ pọ̀ gidigidi bí oyún bá ti dàgbà. Iléewòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti iléewòsàn Irrua ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ń tọ́jú rẹ̀, nọ́ńbà NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, ni 6232, ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ láti pè. Bí aláìsàn bá kú, kí ẹbí má ṣe wẹ òkú náà fúnra wọn. Kí ẹ ti bá àwọn àlùfáà àti ìmáàmù sọ̀rọ̀ nípa èyí ṣáájú, nítorí inú ọ̀fọ̀ kọ́ ni ènìyàn ti ń gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí ìpàdé, ẹ ní kí ẹnì kan tún àlàyé náà ṣe ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kí ẹ lè rí ibi tí kò yé wọn. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ẹ padà sí ọjà náà, kí ẹ wo àwọn ike gààrí bóyá wọ́n ní ìdérí.